Ẹ ṣe ìjókòó kí ẹ tó kọ ebè: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìta gbangba àti ọgbà iléèwé níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́

Bí iléèwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ara gbogbo wa máa ń yá gágá. Olùkọ́ méjì mẹ́ta á kó ọkọ́ jáde, wọ́n á kọ ebè mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, wọ́n á fọ́n irúgbìn sí i. Kó tó di àárín sáà, èpò ti gba ibẹ̀, ó ti rẹ olùkọ́ tó ń ṣaájò rẹ̀, àwọn tó kù sì ti gbàgbé pé ọgbà kan wà lẹ́yìn ilé. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ oko, kò sí ohun tó ń gbé kíláàsì débẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣe ibi ìjókòó ná. Bí àwọn ọmọ bá ń jáde síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ṣe ìṣirò tàbí láti kàwé, ojú yóò máa tó ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ewé ti ń rọ, pé kòkòrò ti dé, pé ilẹ̀ ti gbẹ.

Ibi tí wọn yóò jókòó sí

Ẹ lọ wo àyíká iléèwé ní wákàtí tí ẹ máa kọ́ni gan-an, ẹ má dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ìbòòji igi kì í dúró sójú kan. Ibi tó tutù láago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè ti gbóná janjan láago mọ́kànlá. Ẹ fi òkúta sàmì sí etí ìbòòji náà, ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ó rí bó ṣe rìn tó. Àwọn ọmọ náà lè ṣe èyí, ẹ̀kọ́ nípa oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yìn àwọn ọmọ ni kí oòrùn wà, olùkọ́ ni kó kọjú sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì: olùkọ́ á wà nínú ìtura, àwọn ọmọ á máa fọwọ́ bojú, wọn ò ní rí pátákó, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò dá. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gbé ohùn yín lọ bá wọn. Bí ó bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ó pariwo títí ọ̀fun yóò fi há, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì ní gbọ́. Ẹ jìnnà sí ojú títì, sí ẹ̀rọ amúnáwá, àti sí pápá tí àwọn yòókù ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú. Bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà níbẹ̀, tàbí wáyà iná, tàbí ilé oyin àti agbọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ mú un kúrò, tàbí kí ẹ wá igi mìíràn.

Ìjókòó kò ní láti jẹ́ nǹkan olówó gọbọi. Ìtì igi tí wọ́n gé, pákó lórí búlọ́ọ̀kù, tàbí ẹní, gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Gíga tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 dára fún ọmọ kékeré, 40 sí 45 fún àwọn tó ti dàgbà. Ẹ tò ó bí ìlàjì òbìrìkìtì, ìlà méjì péré, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn má jìnnà sí olùkọ́ ju mítà 5 tàbí 6 lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà iwájú fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kó má jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni a tì í sí. Páálí líle pẹ̀lú ohun tí ń di ìwé mú yóò dípò tábìlì, afẹ́fẹ́ kò sì ní gbé ìwé lọ.

Bí òbí kan bá ní ìta kì í ṣe ibi ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún un pé láti 1904 ni wọ́n ti ṣí iléèwé kan sínú igbó ní Charlottenburg, ní Jámánì, fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá ṣáṣá. Ìta ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ẹ má tíì gbin nǹkankan

Jíjáde àti wíwọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn. Wọn yóò tò ní méjìméjì, ẹ ó kà wọ́n kí wọ́n tó jáde, ẹ ó tún kà wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ẹ mú àmì kan tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn padà wá jókòó, ìbáà jẹ́ agogo tàbí ọwọ́ tí ẹ nà sókè, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rìn yí ààlà ibẹ̀ ká pẹ̀lú wọn, kí kálukú mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú 20 tó fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bi àwọn òbí bóyá oyin tàbí èèrà máa ń kó ọmọ wọn sí wàhálà bó bá ta á, kí ẹ sì mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà kí ẹ tó tẹ ilẹ̀ ìta rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí gidigidi: ẹ má fi iṣẹ́ ọgbà jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, tí wọ́n ní kó lọ tu èpò, kò ní fẹ́ràn ọgbà láéláé, àwọn tó ń wò ó náà yóò sì máa ka ibẹ̀ sí ibi ìjìyà. Bákan náà, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀bùn fún àwọn tó mọ̀wé nìkan. Kíláàsì ni, gbogbo wọn ló ni ín.

Ilẹ̀ tó wà níwájú yín

Ibi tí oòrùn ń pa fún bí wákàtí 6 lójúmọ́ ni ẹ̀fọ́ fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi, nítorí ọgbà tó jìnnà sí ẹ̀rọ omi kì í pẹ́ kú.

Láti mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní, ẹ wá ìgò gígùn tó mọ́ gaara, tó sì ní ìdérí. Ẹ bu erùpẹ̀ sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rọ omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí àwọn ọmọ sì mì ín dáadáa. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, iyanrìn ti rì sísàlẹ̀. Èyí tó kúnná ju iyanrìn lọ yóò gba wákàtí díẹ̀ kó tó jókòó lé e lórí. Amọ̀ ló ń pẹ́ jù: omi yóò ṣì pọ́n títí di ọjọ́ kejì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà á léfòó lókè. Kí àwọn ọmọ fa ìlà sára ìgò níbi tí ìpele kọ̀ọ̀kan parí sí, kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ṣírò ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí amọ̀ bá pọ̀, omi kò ní tètè wọlé, ilẹ̀ á sì le bí ó bá gbẹ. Bí iyanrìn bá pọ̀, omi á yára ṣàn lọ. Ajílẹ̀ ewé jíjẹrà ló ń tún méjèèjì ṣe.

Bí ilé àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó bá wà nítòsí, tàbí ojú títì ńlá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ayé àtijọ́ àti epo bẹntiróò àtijọ́ ní òjé nínú, kì í rà nínú ilẹ̀, ó sì ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní ìjàǹbá. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ lo àpótí tí ẹ kó erùpẹ̀ mìíràn sí.

Ebè

Ebè méjì tó fún kíláàsì kan lọ́dún àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ebè méjì tó dára sàn ju mẹ́wàá tí koríko bò lọ. Ìbú rẹ̀ kó má ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, kí ọwọ́ ọmọ lè dé àárín láti ìhà méjèèjì láìtẹ orí ebè. Bó bá fara ti ògiri, 60 ti tó. Mítà 2 ní gígùn dára. Ẹ fi ọ̀nà tó fẹ̀ tó 60 sáàárín ebè, kí ọ̀kan ó kéré tán sì fẹ̀ tó 120 fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara.

Bí ẹ bá fi pákó ká a, ẹ má lo igi ojú irin àtijọ́ tàbí igi tí wọ́n ti fi oògùn rẹ. Ẹ kó erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ jíjẹrà sí i kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ìgbẹ́ ẹran tútù kò yẹ níbẹ̀: òfin àwọn àgbẹ̀ aláìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 120 sáàárín ìgbà tí a da irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ àti ìgbà tí a kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, ìyẹn sì ju sáà kan lọ.

Friedrich Fröbel, tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Bad Blankenburg ní 1837, máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀, ó sì tún ní èyí tí gbogbo wọn jọ ń tọ́jú. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ pín ebè kan fún ọmọ mẹ́ta mẹ́ta, kí èkejì jẹ́ ti gbogbo kíláàsì.

Gbígbìn

Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó kù kí ọlidé tó dé, kí ẹ tó mú irúgbìn. Tẹ̀tẹ̀ ṣe é já lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀wà tí à ń jẹ èso tútù rẹ̀ ń gba bí ọ̀sẹ̀ 8, tòmátò a sì máa ju ìyẹn lọ. Ohun tí kò ní pọ́n kí wọ́n tó lọ sílé yóò já wọn kulẹ̀. Ẹ ri hóró wọlé ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bó ṣe nípọn tó: ti tẹ̀tẹ̀ kò ju kí a fi erùpẹ̀ bò ó fẹ́rẹ́ lọ, ti ẹ̀wà tó bí sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbìn, nítorí ó ń yára hù, ó sì hàn sójú. Kì í yọ orí jáde tààrà. Ọrùn rẹ̀ tó tẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ, ó funfun, ó ń ti erùpẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi sán. Lẹ́yìn náà ni yóò nà, tí yóò fa awẹ́ méjèèjì jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú èèpo hóró tó ṣì kọ́ ọ lórí. Kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì yà á sínú ìwé. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹ hóró ẹ̀wà láìsè, pàápàá èyí tó pupa, nítorí ó ń fa èébì àti inú rírun. Làrà àti igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní oleander kò gbọdọ̀ sí nítòsí rárá, májèlé ni wọ́n.

Omi

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mítà 1 níbùú lóròó ń fẹ́ bí lítà 25 lọ́sẹ̀. Ebè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, tó gùn ní mítà 2, yóò gba bí lítà 45. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá gbé ike lítà 2, ìgbà mélòó ni wọn yóò lọ bọ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn. Àárọ̀ ni kí wọ́n bomi rin ín, sí ìdí, kì í ṣe sórí ewé. Bí ẹ bá ń gbe omi òjò sínú àgbá, ẹ fi àwọ̀n bò ó, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10.

Kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọwọ́ bí wọ́n bá kúrò lórí ebè. Ẹ ka irin iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé.

Táímù-tébù, àti ọlidé

Ẹ kọ wákàtí ìta sínú táímù-tébù, lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ tó jẹ́: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìwé kíkà. Bí ó bá jẹ́ "bí àyè bá yọ" ni, àyè kì í yọ. Ó kéré tán, kí olùkọ́ méjì mọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kí ọgbà má bàa kú bí ọ̀kan bá ṣí lọ.

Kí ọlidé tó dé, ẹ wá ìdílé mẹ́ta tó sún mọ́ iléèwé, kí ẹ pín ọ̀sẹ̀ fún wọn, kí ẹ kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà. Bí ẹ ò bá rí ẹni kankan, ẹ kórè gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ fi ewé gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 bo ebè, ẹ kó irin iṣẹ́ wọlé, kí ẹ sì kọ sínú ìwé ọgbà ohun tó wà lórí ebè kọ̀ọ̀kan àti kíláàsì tí yóò kọ́kọ́ jáde bí iléèwé bá tún wọlé.