Kí Àìsàn Tó Dá Onílé Dùbúlẹ̀: Àwọn Ìwé Tó Yẹ Kó Ti Wà Nílẹ̀

Bí rọpárọsẹ̀ bá mú onílé lápá ọ̀tún, ìbuwọ́lù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì á gbé fọ́ọ̀mù àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun: ọ̀kan lọ gbọọrọ, èkejì rí wọ́kuwọ̀ku. Wọ́n á dá a padà. Owó ilé wà ní báńkì, ọmọ ń yáwó oògùn kiri.

Nítorí náà, ẹ ya àkáǹtì owó ilé sọ́tọ̀, kí ó jẹ́ orúkọ ẹni méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹnikẹ́ni nínú yín lè dá buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá kọ pé àfi kí ẹ jọ buwọ́ lù ú, àìsàn ẹnì kan ti ti ilẹ̀kùn owó náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé power of attorney (ìwé àṣẹ láti ṣojú ẹni) tí àwọn fún ọmọ ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí rẹ̀ o. Ó wúlò bí ara bá ń ṣàìsàn tí orí sì pé. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọjọ́ tí ọpọlọ onílé kò bá ti lè dá ọ̀rọ̀ rò mọ́, àṣẹ inú ìwé náà ti kú, àfi èyí tí wọ́n kọ pé kò ṣe é fagi lé: yálà ẹni tó gbà á ti sanwó fún un, tàbí ó ní gbèdéke tí kò ju ọdún kan lọ. Ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù ló ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: Lasting Power of Attorney kì í kú bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Office of the Public Guardian, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ní ilé mẹ́ta mẹ́rin ní Nàìjíríà lè fi wọ́n sábẹ́ kọ́ḿpìnnì tó ní olùdarí méjì, kí ọ̀kan lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ó máa gba àṣẹ gómìnà lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, owó rẹ̀ sì wúwo. Kò yẹ fún ilé kan ṣoṣo. Bí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan, ilé ẹjọ́ gíga ni àwọn ọmọ máa gbà lọ láti tọrọ àṣẹ lórí ohun ìní yín.

Lọ́ọ̀yà tó máa lé ayálégbé gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ yín kó tó kọ nótíìsì. Ní Èkó, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹni tó ń san owó ọdọọdún, lẹ́yìn náà nótíìsì ọjọ́ méje pé onílé ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé rẹ̀. Bí ìwé àṣẹ kò bá sí, nótíìsì á wó ní kọ́ọ̀tù, ẹ ó sì tún oṣù mẹ́fà kà.

Ẹ má tìtorí owó ọsíbítù béèrè owó ọdún méjì. Òfin Ìyálégbé Èkó ti 2011 kà á léèwọ̀ láti gbà ju ọdún kan lọ. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi.

Bó bá di ṣíṣe ìwé ìhágún lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó máa jogún tàbí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ má buwọ́ lù ú, nítorí ó máa pàdánù ìpín rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka ni aláìsàn tẹ̀, kí ẹnì kan kà á fún un ní Yorùbá, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kà á. Kí dókítà kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an pé orí rẹ̀ pé. Láìsí lẹ́tà yẹn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìyá mìíràn máa kọ́kọ́ dì mú.