Ẹ má tíì ju owó gbígbó yẹn nù o
Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń kó owó àtijọ́ jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún owó yẹn kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti gbó jù. Lánàá ni mo tú àpótí ìyá àgbà nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, mo rí bébà pọ́n-ùn kan, èyí tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní oṣù kìíní 1973, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin títí ihò kékeré fi lu láàárín ẹ̀, epo pupa wà létí ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ìyẹn ò kúrò lọ́wọ́ mi láé, bó ṣe gbó tó yẹn, torí kò rọrùn fún mi láti rí òmíràn. Ṣùgbọ́n ogún náírà Múrítàlá ti bébà, tó jáde ní 1977, ó ṣì wà nílẹ̀ dáadáa, tó bá ti ya ẹ tọ́jú ẹ̀ títí ẹ ó fi rí èyí tó mọ́, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ẹ̀. Owó àtijọ́ yòówù kó jẹ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o, ẹ má sì lọ̀ ọ́, sẹ́lótéèpù gan-an ló burú jù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á wọnú bébà á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.