Bí ẹ ṣe máa po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru pa, omi àti iyọ̀ tó tán lára wọn ló pa wọ́n. Ohun tó ń dá méjèèjì padà kò sì wọ́n: àpò ORS kan (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) láti kẹ́míìsì, tàbí omi, iyọ̀ àti ṣúgà inú ilé. Ìwọ̀n ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Nílẹ̀ wa, àwọn kan máa ń dín ṣúgà kù nítorí ẹ̀rù jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in kù. Kì í ṣe torí kí omi náà lè dùn ni ṣúgà ṣe wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun kékeré tí kì í gba iyọ̀ wọlé àfi tí ṣúgà bá bá a rìn. Bí àwọn méjèèjì bá ti kọjá, omi á tẹ̀ lé wọn. Kọ́lẹ́rà pàápàá kò lè ti ẹnu ọ̀nà yìí. Òun ni Dọ́kítà Dilip Mahalanabis gbára lé ní 1971, ní àgọ́ àwọn tó sá fún ogun wá sí Bangaon ní Íńdíà, nígbà tí omi tí wọ́n ń fà sí iṣan aláìsàn ń tán lọ. Ó ní kí wọ́n máa fún wọn ní irú omi yìí mu. Ikú tó ń mú nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn kọ́lẹ́rà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 4.

Bí ẹ bá rí ORS rà, òun ni kí ẹ lò, torí pé pọtásíọ̀mù, èròjà kan tí ìgbẹ́ gbuuru ń kó lọ lára, wà nínú rẹ̀, kò sì sí nínú èyí tí a pò nílé. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò náà kí ẹ tó já a. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 20.5 wà fún lítà 1. Àwọn kékeré tún wà tó jẹ́ ti 200 ml tàbí 500 ml. Ọ̀rá pure water tí wọ́n kọ 50 cl sí lára, méjì ló ń pé lítà kan. Ẹni tó bá da àpò lítà kan sínú ọ̀rá kan ṣoṣo ti sọ iyọ̀ di ìlọ́po méjì, èyí sì lè fa gìrì. Ẹ má pín àpò kan sí méjì o. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí kò bá sí ORS, ẹ se omi kó hó, kó sì tutù, kí ẹ wọn lítà 1. Ẹ má tún gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó, torí omi á gbẹ lára rẹ̀, iyọ̀ á sì ki. Ṣíbí inú ilé kò dọ́gba. Èyí tó máa ń wà nínú páálí òògùn olómi ọmọdé, tó jẹ́ 5 ml, ló dára. Ẹ bu ṣúgà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kúrò kó tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, kí ẹ dà á sínú omi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Iyọ̀ ní tiẹ̀, ìdajì ṣíbí péré. Ẹ rò ó títí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, á fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mínírà kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ fún un ní 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣíbí kan láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ọmọ ọdún 2 sí 10 á mu 100 sí 200 ml. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹun, ẹ fún un ní ẹ̀kọ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ tẹ̀, torí pọtásíọ̀mù. Flagyl kò ṣe nǹkan kan fún rotavirus, kòkòrò tó sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, òògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kò sì yẹ ọmọdé.

Zinc, èròjà kan tí wọ́n ń ṣe ní hóró, ló tún kù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbàgbé. Ó ń ran ògiri ìfun lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń ti agbára tí ara fi ń bá àrùn jà lẹ́yìn. Ìdajì hóró 20 mg lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Odidi kan fún ẹni tó ti pé e. Omi ọmú tàbí omi díẹ̀ nínú ṣíbí lẹ ó fi yọ́ ọ. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 ni, ì báà jẹ́ pé ìgbẹ́ ti dá lọ́jọ́ kẹta, torí ó ń dín bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń padà wá kù ní oṣù méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má wí pé eyín ló ń hù, kí ẹ wá máa wò ó níran. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ sókè, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó padà sípò, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tó ń tòògbé tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé e mì, ẹ gbé ife omi náà dání, kí ẹ máa fi ṣíbí fún un lójú ọ̀nà.