Bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ lọ sí pọ́ọ̀bù ìgbèríko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Pọ́ọ̀bù ìgboro, ìyẹn ilé ọtí àárín ìlú, kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba: èyí tó wà nítòsí ibùdókọ̀, tí ariwo bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n ń gba gbogbo ilé kan lọ́jọ́ Sátidé. Ti ìgbèríko yàtọ̀ sí i pátápátá. Ẹ lè dé abúlé kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé, síbẹ̀ tí pọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ṣílẹ̀kùn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni àgbẹ̀, bíríkìlà àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti ń bára wọn pàdé, tàwọn ti ajá wọn. Ó wù mí kí àwọn èèyàn wa mọ ibẹ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó sì dá mi lójú pé ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ló yẹ kéèyàn gbé débẹ̀. Ẹni tó wa mọ́tò lọ yóò máa ṣọ́ ife rẹ̀ nítorí ọlọ́pàá. Ẹni tó gba inú pápá wá ti mú ebi àti òùngbẹ tòótọ́ dání, ẹni tó ń tajà nídìí kántà á sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu.

Ilé ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo aago tí pọ́ọ̀bù ń ṣí, wọ́n á sì gbé ètò wọn kà á. Ìgbà tí ilé ìdáná ń paná ló yẹ kí ẹ wò. Pọ́ọ̀bù lè máa ta ọtí títí di aago mọ́kànlá alẹ́, kí ilé ìdáná rẹ̀ ti paná láago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, kó má sì tún dáná mọ́ títí di aago mẹ́fà. Ẹni tó bá dé láago mẹ́ta, ìpápánu inú ọ̀rá ló máa jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń tilẹ̀kùn pátápátá láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, àwọn púpọ̀ kì í sì í ṣí rárá lọ́jọ́ Ajé. Ní ti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹni tí kò bá ti gba tábìlì sílẹ̀ ṣáájú lè máà rí ibi jókòó.

Nítorí náà, ẹ tẹ̀ wọ́n láago. Ẹ má gbára lé ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ nìkan, torí ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù ìgbèríko ti kógbá wọlé láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, orúkọ wọn sì lè ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ṣí lọ́jọ́ yẹn, aago tí wọ́n máa gba oúnjẹ tó kẹ́yìn, àti bóyá ibi ìso kẹ̀kẹ́ wà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka àkókò sẹ́yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin bíi máìlì 2½ sí 3 ní wákàtí kan lórí pápá. Kẹ̀kẹ́ a máa lọ bíi máìlì 10 láìsáré. Bí ilé ìdáná bá máa paná láago méjì ààbọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé aago kan ni ẹ máa jókòó. Ẹrẹ̀ àti ọ̀nà tó ṣì yín lọ́wọ́ ni wákàtí kan ààbọ̀ tó kù wà fún.

Ẹ wo ìgbà tí ilẹ̀ máa ṣú pẹ̀lú. Lóṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹfà ó máa ń ràn kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kíní yín nìyí, oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ mú.

Máàpù, àti ẹ̀tọ́ tí ẹ ní lórí ilẹ̀ olóko

Ilé iṣẹ́ Ordnance Survey ló ń ya máàpù tó dára jù fún irú ìrìn yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Explorer, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ wò lórí fóònù: sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ jẹ́ kílómítà 1 lórí ilẹ̀. Wọ́n máa ń ya pọ́ọ̀bù síbẹ̀ bí ife bíà kékeré aláwọ̀ búlúù. Ìlà aláwọ̀ ewé tó já kéékèèké ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tó já gígùn-gígùn ni ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Bí ẹ bá dé orí ilẹ̀, ọfà yẹ́lò tí wọ́n kàn mọ́ òpó géètì ń tọ́ka ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọfà búlúù ń tọ́ka ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Láti ọdún 1968 ni òfin ti gba oníkẹ̀kẹ́ láyè lórí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, bó bá ti lè yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹṣin. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń ko àwọn èèyàn wa láyà sókè níbí. Nílé, a kì í ṣàdédé gba inú oko olóko kọjá láìkí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tó wà lórí máàpù lè la oko ọkà já láàárín gbùngbùn, kó tilẹ̀ gba àgbàlá ilé àgbẹ̀ kọjá, òfin ló sì fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn ín. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má sì bẹ̀rù. Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ náà, ẹ kí i. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé omi ni ẹran ń gba ibẹ̀ lọ mu. Bí màlúù bá wà pẹ̀lú ọmọ, ẹ rìn jìnnà sí wọn, ẹ má gba àárín ìyá àtọmọ. Bí màlúù bá lé yín tí ajá yín wà lọ́wọ́ yín, ẹ tú ajá sílẹ̀: òun ni wọ́n ń lé, ó sì lè sáré jù yín lọ.

Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, apá ọ̀tún ni kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà kó lè máa rí mọ́tò tó ń bọ̀. Apá òsì ni oníkẹ̀kẹ́ ń gbà bíi ti mọ́tò.

Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ

Oxford ni màá ní kí ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ gbìyànjú, torí reluwé ń lọ síbẹ̀ tààrà, kò sì sí òkè kankan láti gùn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ bọ́ sí Botley Road, ẹ gba abẹ́ afárá reluwé lọ sápá ìwọ̀-oòrùn títí ẹ ó fi dé Odò Thames, kí ẹ wá tẹ̀ lé ipa ọ̀nà Thames Path lọ sápá àríwá. Láìpẹ́ pápá ńlá kan á ṣí sílẹ̀ ní òdìkejì omi lọ́wọ́ ọ̀tún: Port Meadow nìyẹn. Wọ́n ti ń da ẹran níbẹ̀ látìgbà tí ìwé Domesday, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1086, ti mẹ́nu bà á, ẹ ó sì rí màlúù àti ẹṣin tí wọ́n wọ inú odò dé orúnkún. Ní Binsey, pọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ The Perch wà lọ́wọ́ òsì, tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì le, ẹ tẹ̀ síwájú dé Godstow, níbi tí àwókù ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ wà, tí wọ́n tú ká lọ́dún 1539 nígbà Ọba Henry Kẹjọ. Pọ́ọ̀bù The Trout wà lẹ́yìn afárá níbẹ̀, létí omi tó ń dà wálẹ̀. Gbogbo ìrìn náà kò tó máìlì 3. Oníkẹ̀kẹ́ lè gba Binsey Lane láti Botley Road lọ bá The Perch. Nígbà òtútù omi máa ń bo pápá yẹn, nítorí náà ẹ ṣèwádìí kí ẹ tó gbéra.

Ẹni tó bá fẹ́ òkè, kó wọ reluwé láti Manchester tàbí Sheffield lọ sí Edale, níbi tí pọ́ọ̀bù Old Nags Head wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Pennine Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gùn tó máìlì 268. Lórí ọ̀nà yẹn kan náà, jìnnà sókè ní Yorkshire, ni Tan Hill Inn wà, pọ́ọ̀bù tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba: mítà 528 ló fi ga ju òkun lọ. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù

Bàtà tó di ilẹ̀ mú, aṣọ òjò, ìbọ̀sẹ̀ mìíràn, ìwé ìdánimọ̀, owó díẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀rọ káàdì ò bá ṣiṣẹ́. Ti kẹ̀kẹ́: tíúbù mìíràn, pọ́ǹpù, kọ́kọ́rọ́, iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn. Ẹ wò ó ṣáájú bóyá reluwé tí ẹ fẹ́ wọ̀ ń gba kẹ̀kẹ́ lákòókò yẹn. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹ ti gba àyè sílẹ̀.

Bí ẹ bá dé

Ẹ nu ẹrẹ̀ bàtà yín dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, ẹ bọ́ ọ síbẹ̀ kí ẹ wọlé tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀. Nínú pọ́ọ̀bù àwọn arìnrìn-àjò, kò sẹ́ni tó máa wò yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tẹ̀ ba bí ẹ bá ga, torí àtẹ́rígbà àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn kò ga rárá. Ẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀ ní ṣókí, kí ẹ sì lọ tààrà sídìí kántà. Ẹni tó bá jókòó tó ń retí kí wọ́n wá bá òun lè jókòó títí, nítorí ìdí kántà ni wọ́n ti ń ra ọtí. Wọn kì í tò sórí ìlà, àmọ́ gbogbo wọn mọ ẹni tó dé ṣáájú. Ẹ má ju ọwọ́, ẹ má ta ìka, ẹ má sì fi owó júwe. Ẹ sáà jẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tajà fojú kan ara yín. Bó bá bi yín nígbà tó kan ẹlòmíràn, ẹ sọ pé ẹni yẹn ló kàn. Ọ̀wọ̀ kékeré yẹn máa ń fi yín hàn bí ọmọlúàbí.

Ẹ ó rí àwọn ọ̀pá gígùn tó nàró lórí kántà, tí orúkọ ọtí wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń fi wọ́n fa bíà láti inú àgbá tó wà ní àjà ilẹ̀. Èyí ni real ale, tí ẹgbẹ́ CAMRA ti ń jà fún láti ọdún 1971 kó má bàa parẹ́. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá, bíi ti ẹmu, ìdí nìyẹn tí àgbá tí wọ́n ti ṣí fi gbọ́dọ̀ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń fà á: á dá ife dẹ̀gbẹ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, á fa ọ̀pá náà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ife á sì kún. Bí wọ́n bá ti yí orúkọ ọtí kan sẹ́yìn, ó ti tán nìyẹn. Ẹ lè ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún yín tọ́ wò, wọn kì í bínú sí i. Kò ní tutù nini bíi bíà inú fíríìjì, torí bíi ìwọ̀n 11 sí 13 Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ má torí ìyẹn dá a padà. Àmọ́ bó bá kan bíi ọtí kíkan, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a padà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Páìntì kan jẹ́ mílílítà 568, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 284. Bí ẹ ṣì ní ọ̀nà láti rìn, ìdajì ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó ti mọ́ Guinness Nàìjíríà lára á rí i pé èyí tí wọ́n ń bu láti ẹ̀rọ níbí fúyẹ́ jù ú lọ.

Ẹni tí kì í mu ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí ìlera, má fà sẹ́yìn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú sódà, bíà tí kò ní ọtí nínú àti tíì wà níbẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé èéṣe. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè nípa oúnjẹ pẹ̀lú, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú èèpo páì, awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dín ni wọ́n sì ń tà nínú ọ̀rá kékeré lẹ́yìn kántà.

Bí ẹ bá lọ ní ẹgbẹ́, ẹnì kan á ra ti gbogbo yín, ẹlòmíràn á ra tẹ̀lé e, títí á fi yí ká. Kì í ṣe pé ẹni tó pe àwọn yòókù jáde ló máa sanwó gbogbo rẹ̀ bíi tiwa. Ẹni tó bá mu ti ẹlòmíràn tó sì dìde lọ nígbà tó kàn án, wọ́n á rántí rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ lọ sídìí kántà pẹ̀lú nọ́ńbà tábìlì yín. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹran màlúù yíyan ni kí ẹ mú, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan àti Yorkshire pudding, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì po, tó wú bí abọ́ tó ń dúró de ọbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ mìíràn, ẹ mú ploughman's: wàràkàṣì, búrẹ́dì àti àlùbọ́sà inú ọtí kíkan. Ata ò sí ńbẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè músítádì Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, ó máa ń ta gba imú lọ.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ra ọtí, wọ́n sì lè béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá kéré sí ọdún 25.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ abúlé sọ̀rọ̀, ẹ wo ibi tó jókòó. Ẹni tó fara ti kántà ti ṣetán láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn fẹ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ajá rẹ̀ tàbí ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè béèrè ìtàn orúkọ pọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Royal Oak, ìtàn Ọba Charles Kejì ni wọ́n máa sọ, ẹni tó sá pamọ́ sórí igi óákù ní Boscobel lọ́dún 1651 lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Worcester.

Ìpadàbọ̀

Ẹ dá ife yín padà sórí kántà, kí ẹ sì dúpẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ fún ẹni tó ta ọtí lówó lórí. Oníkẹ̀kẹ́, ẹ fetí sílẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ọdún 1988 kéèyàn gun kẹ̀kẹ́ lójú títì nígbà tí ọtí ti ń pa á, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Ìdajì páìntì kan pẹ̀lú oúnjẹ, lẹ́yìn náà omi, ni mo rò pé ó tó fún ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ padà.

Reluwé ọjọ́ Àìkú kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ yẹn tún ojú irin ṣe, nítorí náà ẹ ti mọ aago èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé. Takisí kì í dúró ní abúlé. Ẹ gba nọ́ńbà èyí tí wọ́n ń pè ládùúgbò lọ́wọ́ onípọ́ọ̀bù kí ẹ tó jáde, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lè má sí mọ́ bí ẹ bá ti bọ́ sáàárín pápá.