Bí mo ṣe fi sóbò ṣe pépà tó ń pàwọ̀ dà

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ló kó mi síṣẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní sáyẹ́ǹsì ní ìrọ̀lẹ́, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Àdó. Lọ́jọ́ kan ni mo sọ fún wọn pé Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì ní 2025. Irin àti èròjà oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń kọ́ ohun líle kan tó jẹ́ pé ihò ló kún inú rẹ̀, ihò tí ojú ò lè rí. Wọ́n tiẹ̀ ti fi irú rẹ̀ fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀. Ọmọ náà wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ihò lásán? Kí ni ihò fẹ́ ṣe, mà?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ta ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ àwọn Kitagawa nínú ilé ìdáná? Ṣùgbọ́n bí a bá wo pépà dáadáa, oníhò lòun náà: fọ́nrán igi tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ohun tó kù ni kí n wá nǹkan tó ń pàwọ̀ dà, kí n fi sínú àlàfo yẹn. Ẹni tí sóbò bá ti dà sí lára aṣọ funfun rí lóde ìnáwó, tó sáré fi ọṣẹ sí i, ti rí i bí pupa ṣe ń di búlúù mọ́ni lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ.

Mo gba Ọjà Bódìjà lọ. Mo ti ń bu sóbò láti orí àtẹ nígbà tí Alhaja tó ni ín dá mi dúró. "Ẹ má mú ti òkè, oòrùn ti pa á. Inú àpò ni kí ẹ ti bù." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa èyí tó dúdú bí ẹ̀jẹ̀ yọ. N ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìdajì ẹ̀kọ́ tí mo ń wá ló ti kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo da omi gbígbóná ife kan sórí ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí ó lè ki. Kò sí atalẹ̀, kò sí ṣúgà, kò sí ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó sun inú omi mọ́jú, mo sì fi aṣọ sẹ́ ẹ láàárọ̀.

Pépà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni mo kọ́kọ́ rì bọ̀ ọ́. Pupa ló wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ, ó ti di àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ èsè àlùkò. Inú bí mi sí Alhaja láìṣẹ̀ láìrò. Ìgbà tí mo kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i tí ó tún pupa ni mo tó rántí pé àwọn tó ń ṣe irú pépà bẹ́ẹ̀ máa ń po calcium carbonate, èròjà inú èèpo ẹyin, mọ́ ọn kó lè funfun, èròjà yẹn ló sì ń ba sóbò jà. Pépà kàlẹ́ńdà tó ń dán, òun kò tilẹ̀ gba sóbò láyè rárá; ó ṣù sórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, ó sì yí dànù. Wọ́n ti fi nǹkan dí ihò rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé kan ló gbà mí, ó fún mi ní pépà ìsẹ́ǹkan mẹ́wàá. Mo fi etí ọ̀kan kan sóbò, n kò rì í. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn: omi tí kò láwọ̀ ló ṣáájú, pupa ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọdé tó ru ẹrù tó wúwo. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí n ò fi gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo wá rì wọ́n pátá, mo sá wọn sínú yàrá, mo sì gé díẹ̀ nínú wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ pé, a bẹ̀rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ sọ ọ́ di pupa yòò. Omi iyọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Omi kán-ún sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, omi eérú náà ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ń lọ sí àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti onídìrí ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo tọrọ ike dáì irun tó ní amóníà, gáàsì tó ń ta nímú, lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi omi pa pépà kan lára, mo sì gbé e dúró lókè ẹnu ike náà. Kò kàn án. Síbẹ̀ ó di búlúù ṣáá lójú wa. A gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nígbà tó máa di alẹ́, pupa rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Mo wo ọmọ tó bi mí léèrè. Ó ní, "Ó gba inú ihò wọlé, ó tún gba ibẹ̀ jáde."

Ti oòrùn ló fìyà jẹ mí. John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi omi òdòdó ya àwòrán lábẹ́ oòrùn ní 1842, mo sì rò pé wẹ́rẹ́ ni. Mo tẹ́ ọ̀dọ́ ewé ìbẹ́pẹ sórí pépà sóbò kan, mo fi gíláàsì fúrémù fọ́tò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo gbé e sórí ògiri ọgbà. Nígbà tó di ọ̀sán, ewé tútù ti làágùn sábẹ́ gíláàsì, ó sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ki òmíràn sínú ìwé títí ó fi gbẹ, mo tún un ṣe, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Nígbà tí mo ṣí i, ewé ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀ ní pupa, gbogbo ìka rẹ̀ pé, àyíká rẹ̀ sì ti ṣì bí aṣọ tó gbó.

Mo kán ọsàn sí ibi tó ṣì náà. Kò padà. Omi kán-ún náà, kò sí ìyípadà tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó ń jẹ́ anthocyanin ló ń fún sóbò ní àwọ̀. Ohun kíkan àti kán-ún kàn ń yí ìrísí rẹ̀ padà ni, ó sì lè padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fọ́ ọ túútúú.

Ìyá ìyá mi rẹ aṣọ nígbà ayé rẹ̀, àdìrẹ Ìbàdàndùn tó ní òpó Màpó lára. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ìgbà tó bá di búlúù, omi kì í lè yọ́ ọ mọ́. Ó ti há sínú fọ́nrán òwú. Sóbò ò há bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo fi sọ fún àwọn ọmọ pé àwọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lára aṣọ bíi ti aró.

Ọmọ yẹn tọrọ àwòrán ewé kan, mo fún un, mo sì ní kó fi sínú ìwé. Fèrèsé ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo gba iwájú ilé wọn kọjá ní ọjọ́ Àìkú, ìka ewé méjì ló ṣẹ́ kù tí mo rí.