Bí a ṣe ń sọ pẹ́dàlì gìtá di true bypass

Tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì wah àtijọ́ (èyí tó ń mú kí gìtá ké “wáà”) pa, tí tíríbù gìtá yín, ìyẹn ohùn tín-ín-rín rẹ̀, ò sì padà bọ̀ sípò, etí yín ò tàn yín jẹ. Súwíìṣì inú rẹ̀ ló fà á. Súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, SPDT, ibi tí ohùn ti ń jáde nìkan ló sì ń yí padà. Ibi tí ohùn ti ń wọlé ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù (pátákó tí iṣẹ́ iná pẹ́dàlì wà lórí rẹ̀) ní gbogbo ìgbà, bọ́ọ̀dù náà sì ń jẹ nínú ìwọ̀nba iná tí píkọ́ọ̀pù gìtá ń mú wá. Tíríbù ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Wah Vox àti Cry Baby àtijọ́ ni a mọ̀ jù fún èyí. Nínú true bypass, súwíìṣì máa ń já bọ́ọ̀dù kúrò lọ́nà lápá méjèèjì, ohùn á wá gba orí wáyà lásán kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú pẹ́dàlì tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá so gìtá àti áńpù mọ́ pẹ́dàlì náà. Ẹ tẹ súwíìṣì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un tẹ̀. Tí ohùn ò bá jáde rárá lọ́nà méjèèjì, buffer ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń lo iná láti gba ohùn gìtá láì ni píkọ́ọ̀pù lára, tó sì ń tì í lọ síwájú. Bí ti Boss àti Tube Screamer ti Ibanez ṣe rí nìyẹn. Súwíìṣì wọn kì í gbé ohùn fúnra rẹ̀. Ṣe ló ń fún bọ́ọ̀dù ní àmì, àwọn transistor JFET ló sì ń yí ohùn padà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé buffer wọn tó nǹkan bíi 500 kΩ sí 1 MΩ, kò lè ni píkọ́ọ̀pù lára, àyè súwíìṣì ńlá ò sì sí nínú páálí Boss.

Tí ohùn bá ń kọjá láìsí iná, ẹ ṣí ìdí pẹ́dàlì, kí ẹ fi ojú tẹ̀lé wáyà tó ti ṣóńṣó jáákì àbáwọlé wá. Tó bá lọ sí orí súwíìṣì nìkan, tí súwíìṣì sì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ́ true bypass tẹ́lẹ̀. Tó bá pín, tí ọ̀kan lọ sí súwíìṣì, tí èkejì lọ sí bọ́ọ̀dù, òun gan-an là ń wá. Ẹ má gbára lé mítà, ẹ̀rọ tí a fi ń díwọ̀n iná, nìkan níbí o. Kàpásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí iná mítà kọjá, mítà á ní wáyà ò so mọ́ ibì kankan, ohùn gìtá sì ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa lò

Súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní 3PDT, èyí tó máa ń dúró síbi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí (ihò 12 mm ló ń wọ̀). LED 5 mm kan (iná kékeré tó ń fi hàn pé pẹ́dàlì ń ṣiṣẹ́), rẹ̀sítọ̀ 4.7 kΩ kan fún un, rẹ̀sítọ̀ 1 MΩ kan tàbí méjì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, 24 AWG. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tàbí 63/37 tí kò nípọn ju 0.8 mm lọ, àti áyọ́ọ̀nù tó lè dé nǹkan bí 350 °C. Tí ẹ ò bá fẹ́ iná LED, DPDT ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ti tó.

Ẹsẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán

Ẹ dojú súwíìṣì dé, kí ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún: 1, 2, 3 lókè; 4, 5, 6 láàárín; 7, 8, 9 nísàlẹ̀. 4 máa ń so mọ́ 1 tàbí 7, 5 mọ́ 2 tàbí 8, 6 mọ́ 3 tàbí 9. Ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jó ohunkóhun mọ́ ọn. Bí 4 bá so mọ́ 5 tàbí 6 níbikíbi, ẹ ti dá súwíìṣì náà dùbúlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí orí rẹ̀ bá wá sí ìdí, kò léwu, ọgbọọgba ni.

Kí ẹ tó so tuntun, ẹ já wáyà àtijọ́ tó lọ láti jáákì àbáwọlé sí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá gbàgbé èyí kò tíì ṣe nǹkan kan, bọ́ọ̀dù ṣì wà lọ́nà. Nínú àwọn pẹ́dàlì tí jáákì wọn jó mọ́ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ẹ ní láti fi ọ̀bẹ mímú gé ojú ọ̀nà bàbà tó ti ṣóńṣó jáákì náà wá, kí ẹ sì fi mítà rí i pé ó já.

Ní báyìí:

- 7: ṣóńṣó jáákì àbáwọlé
- 4: ibi tí ohùn ti ń wọ bọ́ọ̀dù
- 9: ibi tí ohùn ti ń jáde ní bọ́ọ̀dù
- 6: ṣóńṣó jáákì àbájáde
- 3: wáyà kékeré tó ní awọ, lọ sí 7
- 5: ẹ́ẹ̀tì (ìdí iná pẹ́dàlì, tí ara jáákì so mọ́)
- 1: wáyà kékeré lọ sí 5
- 8: ẹsẹ̀ kúkúrú LED
- 2: ẹ fi í sílẹ̀

Ẹsẹ̀ gígùn LED á gba inú rẹ̀sítọ̀ 4.7 kΩ lọ sí +9 V. Àwọn kan máa ń lo ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ, tí ẹnu bọ́ọ̀dù á kàn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa á. A fẹ́ràn tiwa yìí, nítorí pé 4 á bọ́ sí ẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Pẹ́dàlì fuzz (èyí tó ń mú ohùn gìtá ha) tó lágbára tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè máa súfèé lábẹ́lẹ̀, kí súfèé náà sì bọ́ sínú ohùn gìtá.

Àwọn fuzz àtijọ́ kan tó ń lo transistor PNP ti germanium máa ń fi +9 V ṣe ẹ́ẹ̀tì. Ní tiwọn, ẹ yí LED padà: ẹsẹ̀ gígùn sí 8, ẹsẹ̀ kúkúrú gba inú rẹ̀sítọ̀ lọ sí −9 V.

Jíjó rẹ̀

Ibí ni súwíìṣì tuntun ti ń kú jù. Rọ́bà ló di ẹsẹ̀ náà mú, gírísì sì wà nínú rẹ̀. Tí iná bá pẹ́ lára ẹsẹ̀ kan, rọ́bà á rọ̀, ẹsẹ̀ á yẹ̀, tàbí kí gírísì yọ́ sórí ibi tí irin ti ń pàdé irin. Súwíìṣì á wá máa ṣiṣẹ́ lónìí, kó kọ̀ lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì ra ẹnu wáyà, kí ẹ fi ra ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ẹ pa wọ́n pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ẹ má ṣe ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ fò sí ìsọdá kejì kí èyí àkọ́kọ́ tutù. Lẹ́ẹ̀dì tó jó dáadáa máa ń dán. Èyí tó bá ṣú, tó sì rí wúruwùru, ẹ tún un jó.

Kí ẹ tó dé e pa

Láìsí iná, tí pẹ́dàlì wà ní pípa, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí 0 Ω láti ṣóńṣó àbáwọlé dé ṣóńṣó àbájáde, àti láti 4 dé ẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá tún un tẹ̀, àbáwọlé gbọ́dọ̀ so mọ́ 4, àbájáde mọ́ 9.

Tí ohùn ò bá jáde nígbà tó wà ní pípa, ẹ wo wáyà 3 sí 7. Tí LED bá ń tàn nígbà tí kò yẹ, wáyà rẹ̀ wà lórí 2 dípò 8. Tí kò bá tàn rárá, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Tí pẹ́dàlì bá ń han nígbà tí ẹ bá tàn án, wáyà àbáwọlé àti ti àbájáde ti sún mọ́ra jù. Ẹ yà wọ́n, tàbí kí ẹ lo wáyà tó ní àwọ̀n, kí ẹ so àwọ̀n náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní ìpẹ̀kun kan péré.

“Pọ́ọ̀” tó ń dún nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wá láti ara kàpásítọ̀ tó ń jò díẹ̀. Iná rẹ̀ máa ń kó jọ nígbà tí ẹsẹ̀ 9 ò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ jó rẹ̀sítọ̀ 1 MΩ láti 9 sí ẹ́ẹ̀tì kí iná náà lè ríbi jáde. Tó bá kù díẹ̀, ẹ fi òmíràn sí 4. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná sí i, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè ṣì dún díẹ̀.

Ní ti wah, ó ku gíga súwíìṣì. Nọ́ọ̀tì méjì ló ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Tó bá ga jù, yóò máa tan nígbà tí ẹ ṣì ń yí ohùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́dàlì ò ní lè sọ̀kalẹ̀ tán. Ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ orí ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ni yóò ké “tá”.

Ẹ má sì sọ gbogbo pẹ́dàlì yín di true bypass. Wáyà gìtá ní nǹkan bí 100 pF (agbára kíkó iná jọ bíi ti kàpásítọ̀) nínú gígùn mítà kan. Tí pẹ́dàlì mẹ́jọ bá wà ní pípa, gbogbo wáyà tó wà láàárín wọn di wáyà kan ṣoṣo gígùn lójú píkọ́ọ̀pù, tíríbù tí ẹ ṣe làálàá lé lórí á tún lọ. Ẹ fi buffer kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú wọn, ẹ sì fi Fuzz Face, tó jẹ́ pẹ́dàlì fuzz, ṣáájú rẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń gan, tí buffer bá wà níwájú rẹ̀.