Bí A Ṣe Ń Dá Òrúrù Mọ̀ Lẹ́yìn Odi, Láti Ẹ̀ẹ̀rùn Dé Òjò

Nílé, igi tiwa ni òrúrù. Kòkòrò ń jẹ ewé rẹ̀, igi mìíràn ń bá a du oòrùn, kò sì gba igbó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òrúrù lẹ́yìnkùlé ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu kò ní ìdí kankan láti gé e. Ibi tí wọ́n gbé e lọ nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wàhálà wà: Kúbà, Puerto Rico, Bràsíl, Hawaii, Fiji, Queensland ní Ọsirélíà. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun abẹ̀mí, kà á mọ́ 100 ohun abẹ̀mí àjèjì tó ń ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ jù láyé. Ní Puerto Rico, oko kọfí àti pápá màlúù tí wọ́n pa tì ló máa ń ya wọ̀. Tulipán africano ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, espatódea ni wọ́n ń pè é ní Bràsíl.

Kò sẹ́ni tí kò ní dá a mọ̀ nígbà tó bá wọ ẹ̀wù pupa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró de òdòdó kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kí èso ọdún tó kọjá ti fọ́n irúgbìn yí àdúgbò ká. Ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Nígbà òjò, ẹ fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. Ọ̀pá ewé máa ń kojú síra wọn ní méjì-méjì; nígbà mìíràn mẹ́ta á yí ojú kan ká. Ọ̀pá kan lè gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ewé wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 7 sí 17: wọ́n á tò lọ ní méjì-méjì, ẹyọ kan á wá jókòó sórí ṣóńṣó. Ìdí nìyẹn tí iye wọn kì í fi í ṣeé pín sí méjì. Ẹ fi ìka tọ etí ewé kan yípo: kò ní eyín rárá. Ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá, ẹ ó rí kókó kéékèèké tó nípọn, méjì tàbí mẹ́ta. Èhù tuntun máa ń pọ́n bíi bàbà kó tó di àwọ̀ ewé.

Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni akòko àti pàǹdòrò, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń tan ẹni tó mọ igi ilé. Ewé akòko le, ó ń dán, etí rẹ̀ sì máa ń ní eyín. Òdòdó pàǹdòrò ń rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn, nígbà tí ti òrúrù ń dúró lórí ṣóńṣó ẹ̀ka. Pánṣẹ́kẹ́, tí wọ́n ń pè ní framboyán ní Kúbà, ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù nítorí pé òun náà pupa, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, èso rẹ̀ sì ń fì wálẹ̀ bí idà.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn, òrúrù máa ń wọ́wé. Níbi tí òjò kì í jìnnà, ewé rẹ̀ kì í tán. Bí kò bá séwé, ẹ gbójú sókè: èèpo èso àtijọ́ tó ti là á ṣì wà lórí ẹ̀ka, ó nà sókè bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ara igi náà funfun ràkọ̀ràkọ̀, igi inú rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í le dúró dè ìjì, nítorí náà ẹ má gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìrudí á dé. Wọ́n á kó ara wọn jọ yíká, wọ́n á tẹ̀ bí èékánná àṣá, ara wọn á sì rí bí àrán aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ já ọ̀kan, kẹ́ ẹ fún un: omi á tú jáde ṣùrù. Ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nìyí, òun ló sì mú kí àwọn ará Bràsíl pè é ní xixi-de-macaco, ìtọ̀ ọ̀bọ. Èyí tó wà létí ló ń kọ́kọ́ là, díẹ̀díẹ̀, tí òdòdó fi ń pẹ́ lórí igi. Òdòdó kan tóbi tó ìkúùkù àgbà: pupa bí iná, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń gba omi dúró bí ife. Àwọn kan wà tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè pátápátá. Òrúrù náà ni. Oyin ń kú sínú òdòdó yìí, ìdí sì nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní Bràsíl fi ṣòfin ní 2019 pé kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín mọ́.

Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn òdòdó ni èso ń gbó. Ó gùn tó 15 sí 25 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì máa ń gbà là. Irúgbìn inú rẹ̀ lè tó 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lè rí òdìkejì rẹ̀, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Bí ọwọ́ bá tó èso, kí ó tó là ni kẹ́ ẹ ká a, kẹ́ ẹ dì í sínú àpò, kẹ́ ẹ sun ún.

Lálẹ̀hù tí kò tíì ga dé orúnkún, ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, kí gbòǹgbò lè jáde pátá. Èyí tó kù sílẹ̀ á tún hù. Igi ńlá ni àṣìṣe ti ń pọ̀: bí ẹ bá gé e lásán, kùkùté àti gbòǹgbò á yọ ọmọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi kan á sì di mẹ́wàá. Ẹ gé e súnmọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú oògùn apakoríko bíi glyphosate, pàápàá etí tó kan èèpo, ní ìwọ̀n tí ara ike rẹ̀ bá kọ fún kùkùté. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ kẹ́ ẹ tó kùn ún, oògùn kò ní wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe é nígbà tí òjò ṣú. Ẹ má fi ìtì rẹ̀ ṣe òpó ọgbà, ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, torí pé ó máa ń ta gbòǹgbò. Ẹ padà lọ wo kùkùté náà lóṣooṣù fún ọdún kan, kẹ́ ẹ sì wo ilẹ̀ tó yí i ká: ọmọ gbòǹgbò lè yọ níbi tí ẹ kò rò.